Ìjókòó Kan Ló Kù

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Iléyá dé. Ní Lagos Town, ní ìlú Accra, bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń gbóná ẹ́ńjìnnì. Abọ́dúndé, ẹni àádọ́ta ọdún tó ń ta ike àti kúlà, dé pẹ̀lú báàgì Ghana-Must-Go márùn-ún, inú rẹ̀ sì ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ fún ẹni tó fẹ́ fi odindi ọjọ́ kan jókòó sínú ọkọ̀. Fáòsíà ló ń gé tíkẹ́ẹ̀tì. Accra ni wọ́n bí i sí, ó sì gbà pé ohunkóhun tí kò bá ti sí nínú ìwé òun, kò sí láyé.

FÁÒSÍÀ: Ei, Bọ̀ọ̀dá, ẹrù yìí pọ̀ páà. Báàgì kan ni èrò kọ̀ọ̀kan ní. Èwo ni tiyín nínú márùn-ún yìí?

ABỌ́DÚNDÉ: Tèmi báwo?

FÁÒSÍÀ: Èyí tí aṣọ yín wà nínú ẹ̀.

Abọ́dúndé wo báàgì kìíní títí dé ìkarùn-ún. Níkẹyìn ó gbé ọ̀rá dúdú kékeré kan sókè.

ABỌ́DÚNDÉ: Jalàbíà kan, pákò, àti ṣájà fóònù.

FÁÒSÍÀ: Ta ló wá ni ìyókù?

ABỌ́DÚNDÉ: Èyí tó sanra yìí, ti ìyá mi ni. Mílò, kòkó lílọ̀, àti ọṣẹ dúdú.

FÁÒSÍÀ: Ọṣẹ dúdú? Àlátà sàmínà làwọn ará ibí ń pè é, àwa Yorùbá náà sì ni Àlátà yẹn. Ẹ tún ń ru ọṣẹ padà lọ bá àwọn tó sè é?

ABỌ́DÚNDÉ: Ìyá mi ní ti Gáná ló ń hó.

FÁÒSÍÀ: Èyí tó ń dún gbangan-gbangan yìí ńkọ́?

ABỌ́DÚNDÉ: Dàdẹ̀sẹ́n ni. Ìkòkò méjìlá, ti Ràfíátù àbúrò mi. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó.

FÁÒSÍÀ: Ìgbà wo ni ìgbéyàwó?

ABỌ́DÚNDÉ: Wọn ò tíì rí ọkọ. Wọ́n ní kí ìkòkò kọ́kọ́ dé ná.

FÁÒSÍÀ: Ó dáa bẹ́ẹ̀.

ABỌ́DÚNDÉ: Èyí bàtà àti aṣọ ni, ti ẹ̀gbọ́n mi Abọ́dúnrìn. Ìyẹn, ẹní ìkírun, ti lemọ́ọ̀mù àdúgbò wa.

FÁÒSÍÀ: Ìkarùn-ún?

ABỌ́DÚNDÉ: Ti àwọn tí mi ò tíì mọ̀.

FÁÒSÍÀ: Ẹ ò mọ̀ wọ́n, ẹ sì ti rajà fún wọn?

ABỌ́DÚNDÉ: Tí mo bá délé, wọ́n á wá sọ fún mi pé ẹbí ni wá.

Fáòsíà kọ ọ́ sínú ìwé: ẹbí tí a kò tíì mọ̀, báàgì kan.

FÁÒSÍÀ: Ẹ gbọ́, Bọ̀ọ̀dá. Búùtù ti kún. Orí ọkọ̀ ti kún. Ìjókòó kan ló kù, lẹ́yìn pátápátá. Tí ẹ bá jókòó síbẹ̀, ẹ lè gbé báàgì kan lé ẹsẹ̀. Tí ẹ ò bá jókòó síbẹ̀, a lè to márààrún síbẹ̀ dé òrùlé.

ABỌ́DÚNDÉ: Èmi àti márààrún ńkọ́?

FÁÒSÍÀ: Ìyẹn di mẹ́fà. Ẹ̀yin náà, ẹ kà á.

ABỌ́DÚNDÉ: Bọ́ọ̀sì míì ńkọ́?

FÁÒSÍÀ: Ó di ẹ̀yìn Iléyá.

ABỌ́DÚNDÉ: Fáòsíà, gbọ́ mi. Ọdún méje ni mo fi ń fi ẹrù ránṣẹ́. Ọdún méje ni ìyá mi ò ti fojú kàn mí. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Mo ní lọ́dún yìí, èmi gan-an ni kí wọ́n rí.

FÁÒSÍÀ: Ẹ fi báàgì mẹ́rin sílẹ̀ nígbà náà.

Abọ́dúndé di báàgì kan mú, ó fi í sílẹ̀. Ó di òmíràn mú, ó tún fi ìyẹn náà sílẹ̀.

ABỌ́DÚNDÉ: Kò ṣeé ṣe. Kò sí èyí tí wọn ò retí nínú wọn.

FÁÒSÍÀ: Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ta ló ń retí yín?

ABỌ́DÚNDÉ: Hábà! Gbogbo ilé ni! Wọ́n ní àwọn á wá pàdé mi ní páàkì, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù.

FÁÒSÍÀ: Ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ pè wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé ṣé ẹ̀yin ni, àbí ẹrù.

ABỌ́DÚNDÉ: Ìyẹn náà ni ìbéèrè? Inú á bí wọn pé mo tiẹ̀ bi wọ́n.

Ó pè. Ó rọra tún kọ́là rẹ̀ ṣe, àfi bíi pé wọ́n ń wò ó.

ABỌ́DÚNDÉ: Ẹ káàsán o, Ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni mà, mo ti wà ní páàkì... Ó wà níbẹ̀ mà, agolo ńlá ni... Ó ń hó mà, mo ti dán an wò. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, àyè kan ló kù nínú ọkọ̀. Ṣé kí èmi wọlé ni, àbí kí ẹrù wọlé?... Ìyá?... Halóò?

FÁÒSÍÀ: Ṣé ó já ni?

ABỌ́DÚNDÉ: Kò já. Wọ́n ní kí n fún àwọn láyè díẹ̀, àwọn fẹ́ ṣèpàdé.

FÁÒSÍÀ: Ìpàdé.

ABỌ́DÚNDÉ: Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe lemọ́ọ̀mù.

Fáòsíà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tẹ fèrè. Fóònù dún.

ABỌ́DÚNDÉ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìpàdé, sà... Èmi náà fẹ́ràn yín... Mo gbọ́, sà.

FÁÒSÍÀ: Kí ni wọ́n fẹnu kò sí?

ABỌ́DÚNDÉ: Wọ́n ní àárò mi ń sọ àwọn gan-an. Wọ́n ní kí ẹrù máa bọ̀.

FÁÒSÍÀ: Kò sẹ́ni tó dìbò fún yín rárá?

ABỌ́DÚNDÉ: Lemọ́ọ̀mù nìkan ni ò dá sí i. Ó ní òun ò mọ̀ mí dáadáa.

Fóònù tún dún. Abọ́dúndé gbé e sétí, ojú rẹ̀ sì là.

ABỌ́DÚNDÉ: Ìyá! Kí ló dé tí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́?... Ẹ ti wọ yàrá? Ẹ ti tilẹ̀kùn?... Kí n máa bọ̀? Mò ń bọ̀ mà! Mò ń bọ̀! Fáòsíà, gé tíkẹ́ẹ̀tì! Ìyá mi ní kí n má dá àwọn yòókù lóhùn. Ìyá ni ìyá ń jẹ́!

FÁÒSÍÀ: Mo bá yín yọ̀. Báàgì wo lẹ máa gbé lé ẹsẹ̀?

ABỌ́DÚNDÉ: Ti ìyá mi. Wọ́n ní tàwọn ni kí n gbé.

Fáòsíà ò tíì kọ ọ́ tán tí fóònù fi tún dún. Abọ́dúndé dáhùn ní "sà" mẹ́rin, ó sì gbé e kalẹ̀.

ABỌ́DÚNDÉ: Ẹ̀gbọ́n mi náà ní kí n máa bọ̀. Wọ́n ní àwọn kàn fi ìpàdé yẹn pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́ ni.

FÁÒSÍÀ: Pẹ̀lú bàtà.

ABỌ́DÚNDÉ: Pẹ̀lú bàtà. Ràfíátù náà ti kọ̀wé ránṣẹ́: "Bọ̀ọ̀dá mi àtàtà, ẹ máa bọ̀, àìrí yín ń pa mí."

FÁÒSÍÀ: Kò mẹ́nu ba ìkòkò?

ABỌ́DÚNDÉ: Kò mẹ́nu bà á. Fọ́tò ìkòkò ló fi tẹ̀ lé e.

FÁÒSÍÀ: Ṣé ẹ rí i, gbogbo wọn ló fẹ́ yín. Lọ́kọ̀ọ̀kan.

Abọ́dúndé jókòó lórí báàgì ẹbí tí a kò tíì mọ̀.

ABỌ́DÚNDÉ: Ó dùn mí, Fáòsíà. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó dùn mí dọ́kàn.

FÁÒSÍÀ: Ẹ pẹ̀lẹ́.

Fáòsíà dúró títí omijé ojú Abọ́dúndé fi gbẹ, ó wá gbé bírò.

FÁÒSÍÀ: Kí ni kí n kọ?

ABỌ́DÚNDÉ: Kọ ẹrù. Márààrún. Mi ò lè jẹ́ kí ìyá mi ṣọdún láìní Mílò.

Wọ́n to báàgì márààrún sórí ìjókòó náà, wọ́n sì fi bẹ́líìtì dè wọ́n. Fáòsíà gbé bísíkíìtì àti omi tí wọ́n máa ń fún èrò lé wọn lórí, torí ó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́ sì gbéra.

FÁÒSÍÀ: Ẹ wá máa lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù yín.

ABỌ́DÚNDÉ: Mo ti sọ fún gbogbo oníbàárà mi pé mo ti rìnrìn àjò. Ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, ibo ló ń lọ?

FÁÒSÍÀ: Lomé.

ABỌ́DÚNDÉ: Gé ọ̀kan fún mi.

FÁÒSÍÀ: Ta lẹ ní ní Lomé?

ABỌ́DÚNDÉ: Mi ò ní ẹnì kankan níbẹ̀.

Fáòsíà gé tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wo nọ́ńbà ìjókòó tó wà lórí rẹ̀, ó fà á ya, ó gé òmíràn.

FÁÒSÍÀ: Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo fi yín sí. Èmi náà lẹ́bí bíi tiyín.