Bàálù Tí Kò Kágò

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ Àgọ́-Ọ̀pẹ lánàá, ojú ọ̀run ló ti bẹ̀rẹ̀.

Safurat, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Dúrósinmí lorúkọ ọkọ náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Iṣẹ́ Safurat ni láti jókòó sókè ilé gogoro kan ní pápákọ̀ òfurufú, kó máa fi rédíò sọ fún àwọn bàálù ìgbà tí wọn yóò balẹ̀ àti ìgbà tí wọn yóò gbéra. Iṣẹ́ Dúrósinmí ni láti máa fi bàálù kékeré fín oògùn kòkòrò sí oko àwọn àgbẹ̀ lágbègbè Irésà. Ẹbí ọkọ ní àwọn kò ní í lọ rojọ́ ní Ọ̀yọ́. Ẹbí ìyàwó ní ẹsẹ̀ àwọn kò ní í tẹ Ògbómọ̀ṣọ́. Bí wọ́n ṣe gbé ẹjọ́ náà wá sí agbedeméjì ọ̀nà nìyẹn.

Ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án tí Safurat ti kó lọ sílé ìyá rẹ̀, kò sì sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, Kábíyèsí. Ọkọ mi wọlé láìkágò."

"Ilé ta ló wọ̀?"

"Ojú ọ̀run ni, Kábíyèsí."

Baálẹ̀ wo Bàbá Mùílì, àgbà ìjòyè tó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bàbá Mùílì wo àjà.

"Ojú ọ̀run wo?"

"Èyí tó wà níkàáwọ́ mi."

Bàbá Mùílì bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, ta ló pín ojú ọ̀run fún ọ? Àwòdì tó ń gbé adìẹ mi lójoojúmọ́, ṣé ìwọ lo ń yọ̀ǹda fún un?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ti àwòdì kò sí lọ́wọ́ mi, ti bàálù ni. Bàálù kankan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pè wá lórí rédíò, ká sì dá a lóhùn. Lọ́jọ́ Àlàmísì yẹn, bàálù ńlá kan ń bọ̀ wá balẹ̀, èèyàn méjìlélọ́gọ́ta ló wà nínú rẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, nǹkan kékeré kan ti já wọ ọ̀nà rẹ̀. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò fọhùn. Mo gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú. Bàálù ọkọ mi ni mo rí."

Baálẹ̀ tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo ní kí bàálù ńlá padà sókè. Ó padà. Mo wá kọ orúkọ ọkọ mi sínú ìwé bí iṣẹ́ ṣe pa á láṣẹ. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni ẹbí rẹ̀ ti ń sọ pé mo ba tiẹ̀ jẹ́."

"O bà á jẹ́!" Martha, ìyá ọkọ, ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn. "Obìnrin wo ló ń fi ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ sun ìjọba?"

Baálẹ̀ ní kí wọ́n bá òun bẹ ìyá kó ṣe sùúrù. Ó kọjú sí Dúrósinmí tó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni mo tẹ̀ lé."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Lọ́jọ́ tó ṣáájú, a jà lórí fóònù. Ó ní, 'Má pè mí mọ́ láyé ẹ! Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ!' Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gbéra lókè, ta ni mo tún gbọ́ lórí rédíò? Kábíyèsí, tí mo bá pè é, mo ṣẹ̀. Tí mi ò bá pè é, mo ṣẹ̀. Mo wá ní kí n kúkú gbọ́ràn sí ìyàwó mi lẹ́nu."

Ìdajì àwọn ìjòyè mi orí. Bàbá Mùílì tilẹ̀ ní, "Ọmọ yìí gbọ́n o."

Safurat nawọ́ sí ọkọ rẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ bi í pé kí ló fa ìjà."

Dúrósinmí họ orí. "Mo lọ kí ìyá mi ni."

"Fún ọjọ́ mélòó?" Safurat bi í.

"Mẹ́ta."

"Ta lo sọ fún?"

Dúrósinmí tún họ orí.

"Mo pe ilé ìwòsàn méjì," Safurat ní. "Mo lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Òun ń jẹ iyán."

Baálẹ̀ ní kí ẹlẹ́rìí jáde. Mátíù dìde, ọkùnrin tó máa ń po oògùn kòkòrò, tó sì jókòó ti Dúrósinmí nínú bàálù lọ́jọ́ náà.

"Kábíyèsí, rédíò ló bàjẹ́. Kò ṣiṣẹ́ rárá."

"Dúrósinmí ṣẹ̀ṣẹ̀ ní òun gbọ́ ohùn ìyàwó òun nínú rẹ̀."

Mátíù yára dáhùn. "Ó ń gbọ́, Kábíyèsí. Kò kàn lè sọ̀rọ̀ ni."

"Rédíò ni kò lè sọ̀rọ̀, àbí Dúrósinmí?"

"Àwọn méjèèjì, Kábíyèsí."

Martha kò lè mú un mọ́ra. "Irọ́ ni! Kò sóhun tó ṣe ọmọ mi lẹ́nu! Lọ́jọ́ náà gan-an, òun ló fi fóònù pè mí láti inú bàálù, ohùn rẹ̀ já gaara!"

Dúrósinmí di ojú.

"Láti ojú ọ̀run?" Baálẹ̀ bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí. Ó ní, 'Màámi, mo ń bọ̀ o, ẹ gbé iṣu kaná.' Ọmọ mi kì í já lu èèyàn lójijì. Ó máa ń jẹ́ kí n mọ̀."

Àwọn ìjòyè yíjú sí i. Ìgbà tó yá ni Martha gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Iṣu náà ò tilẹ̀ jinná dáadáa," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Dúrósinmí," Baálẹ̀ ní, "fi ti fóònù sílẹ̀. Kí ló dé tí o kò dá ìyàwó rẹ lóhùn?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Dúrósinmí wo ojú ìyàwó rẹ̀ láti àárọ̀. "Nígbà tó pè mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́ pé ẹ̀rù ti bà á. Mo fẹ́ dáhùn. Ojú ló tì mí, Kábíyèsí."

Safurat yára gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè forí korí. Wọn ò pẹ́.

"Dúrósinmí, wọ́n ní kí o jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta. Ilé náà ni ìyà ti máa jẹ ọ́. O kò gbọdọ̀ wọ yàrá kankan, ì báà ṣe pálọ̀, ì báà ṣe ilé ìdáná, láìjẹ́ pé o dúró lẹ́nu ọ̀nà, o dárúkọ ara rẹ, o sọ ibi tí o ti ń bọ̀, ibi tí ò ń lọ, àti ohun tí o fẹ́ ṣe níbẹ̀. Tí ìyàwó rẹ kò bá tíì ní kí o wọlé, dúró. Òjò ì báà máa rọ̀."

"Ilé ìyàgbẹ́ ńkọ́, Kábíyèsí?"

"Tètè máa bẹ̀rẹ̀."

Ó yíjú sí Safurat. "Ìwọ náà, padà sílé rẹ. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kì í ní kí wọ́n má kan ilẹ̀kùn. 'Má pè mí mọ́' ti di èèwọ̀ lẹ́nu rẹ. Bínú bó bá ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n máa dáhùn. Ẹ̀yin Ìyá, bó bá tún pè yín láti òkè, ẹ bi í bóyá ó ti pe ìyàwó rẹ̀. Bí kò bá tíì pè é, ẹ sọ iṣu kalẹ̀."

"Ìyẹn ti le jù, Kábíyèsí," Martha ní.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbí. Dúrósinmí, bọ́ síta, kí o tún wọlé."

Dúrósinmí bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin. "Àgò onílé o! Dúrósinmí ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ni mò ń lọ."

"Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀?" Bàbá Mùílì rán an létí.

"Mo fẹ́ tọrọ àforíjì."

Gbogbo ojú yí sí Safurat. Ó wo ọkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀, òógùn ti ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó fi ohùn tó fi ń ṣiṣẹ́ dá a lóhùn, ohùn tútù tí kò yára, tí kò sì fà.

"Mo gbọ́ ọ, Dúrósinmí. Dúró síbẹ̀ ná. Mo ṣì ń bínú lọ́wọ́."

Ó dúró.