Àmì Mẹ́rin fún Bàbá Oore

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí oore rẹ̀ kì í fara sin, ẹ wá sí Fọlá Àgòrò, kí ẹ béèrè ilé Díákónì Japhet Ìbídàpọ̀. Ọ̀gá àwọn aṣeun! A-fọwọ́-ọ̀tún-fúnni-fọwọ́-òsì-ya-fọ́tò! Ẹ̀rọ omi kan wà nínú ọgbà rẹ̀ tí ó fi àgádágodo tì. Ọjọ́ tí kámẹ́rà bá dé nìkan ni omi máa ń yọ níbẹ̀, àwọn ayálégbé rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún yìí, ìjọ Onítẹ̀bọmi tí Japhet ń lọ fẹ́ fi ẹnì kan jẹ Bàbá Oore lọ́jọ́ Ìkórè. Oyè yìí kò jẹ́ kí oorun kun Japhet mọ́. Ó gba ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ lọ.

"Pásítọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Nínú gbogbo ìjọ yìí, ta ló ṣe oore tó mi?"

"Ọlọ́run ló ni oore, Díákónì. Ọ̀nà tó ń gbà kọjá ni àwa."

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣé Ọlọ́run ló wá gbé àpò ìrẹsì márùn-ún wọlé lọ́jọ́ Àjíǹde? Títí di òní ni èjìká ń dùn mí."

Alábàárù ló gbé ìrẹsì náà, ṣùgbọ́n èjìká Japhet ló ń dùn ún. Pásítọ̀ kò fẹ́ wàhálà. Ó ní kí Japhet mú bánà tí fọ́tò rẹ̀ àti oyè náà wà lára rẹ̀ wá, wọn yóò ka oyè náà sétí ìjọ lọ́jọ́ Ìkórè, bí ìjọ bá sì ti ṣe àmín sí i, ó parí nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Ràsákì atẹ̀wé ní Ṣómólú ni Japhet gbà lọ. Mùsùlùmí ni Ràsákì, ṣùgbọ́n ìwé orin tó ti tẹ̀ fún àwọn ìjọ kò níye, ó sì mọ ibi tí àmì ń jókòó lórí lẹ́tà àti lábẹ́ rẹ̀. Ó kọ BÀBÁ OORE gàdàgbà gàdàgbà. Japhet wò ó, ojú rẹ̀ fà ro.

"Ràsákì, kí ló dé? Bàbá wọṣọ, Oore wà ní ìhòòhò."

"Oore kì í gba àmì, sà."

"Ọlọ́run ń kọ́? Àmì mélòó ló ní?"

Ràsákì kà á. "Ọ̀kan lókè, méjì nísàlẹ̀. Mẹ́ta."

"Ẹni rere sì jọ Ọlọ́run, àbí kò jọ ọ́? Fún mi ní mẹ́rin."

"Ẹ wá fẹ́ ju Ọlọ́run lọ?"

"Ọ̀kan tó lé yẹn, ti ìrẹ̀lẹ̀ mi ni. Abẹ́ E ni kí o fi í sí. Mẹ́ta yòókù tó máa wà lórí, èyí tó ń dà sísàlẹ̀ ni kí o lò, bí ẹni tó tẹrí ba ń gbàdúrà."

"Nǹkan mìíràn ni yóò máa jẹ́ o. Ẹ bá mi kà á..."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ọ̀nà Olúwa? Tẹ̀ ẹ́."

Ó tún ní kí ìtànṣán yí orí òun ká nínú fọ́tò. Ràsákì fi ogójì sí i, gbogbo rẹ̀ ṣóńṣó ṣóńṣó. Ó wá tẹ ẹyọ kan sórí ìwé kékeré, ó ní kí Japhet fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bí àwọn atẹ̀wé ṣe máa ń ṣe nítorí oníbàárà tó bá fẹ́ sẹ́. Japhet fọwọ́ sí i láìkà á. Fọ́tò ara rẹ̀ ló ń wò.

Lọ́jọ́ Ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Japhet wọ funfun láti fìlà dé bàtà. Tíṣà Mákánjúọlá, tó fi ogójì ọdún kọ́ni ní Yorùbá kó tó fẹ̀yìn tì, ni wọ́n ní kó ka oyè náà. Wọ́n ká aṣọ kúrò lójú bánà. Tíṣà tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ gan-an.

"Bàbá Òòrẹ̀."

Òòrẹ̀, ẹranko ẹlẹ́gùn-ún inú igbó! Gbogbo ìjọ wo orúkọ, wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wo ogójì ẹ̀gún tó yọ yí orí Díákónì ká. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ akọrin fi ìwé orin bo ẹnu.

"Oore ni," Japhet ń pariwo. "Oore ni wọ́n kọ."

"Oore kì í gba àmì, Díákónì," Tíṣà dá a lóhùn. "Òòrẹ̀ lẹ kọ síbí."

"Atẹ̀wé ló ba tèmi jẹ́."

Ràsákì, tí Japhet fúnra rẹ̀ pè wá wo ògo rẹ̀, na ìwé kékeré yẹn sókè lẹ́nu ọ̀nà. "Ìfọwọ́sí yín rèé, sà."

Màmá Níní dìde. Ayálégbé Japhet ni, Akoka ló ti ń pọn omi láràárọ̀. "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yí i padà. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sí ọjọ́ tí mo sún mọ́ ẹ̀rọ omi yẹn tí wọn ò gún mi."

Pásítọ̀ gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. "Ẹ̀yin ìjọ, bí a ti kà á yìí, ṣé ẹ gbà?"

"Àmín!" Wọ́n gbọ́ ọ dé Bàrígà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Japhet wọ síńgílẹ́ẹ̀tì jáde, ó ṣí àgádágodo fúnra rẹ̀. Kò sí kámẹ́rà. Ó rò pé bí omi bá ti ń yọ, wọn yóò gbàgbé. Màmá Níní pọn garawa méjì kún, ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Òòrẹ̀," ló wí. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fún wa lómi."