Kòtò Tí Olóyè Fágbohùn Ní Kó Jìn

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ mọ òwe kan tó ti ń bí mi nínú láti kékeré? Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò bá gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí? Wọn kò ní kó má gbẹ́ ẹ o! Jíjìn nìkan ni wọ́n kọ̀! Irú ìmọ̀ràn wo nìyẹn? Ìgbà tí mo gbọ́ bí òwe náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ẹnu yà mí, kò sì tíì padé dòní.

Wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun sí ìlú Òkè-Àgbẹ̀dẹ. Ọ̀gá Lámídì, ayàwòrán-ilé, gba iṣẹ́ náà, ó sì gbé e fún Ìwàlẹ́wà, ọmọbìnrin tó ń bá a ya ilé lórí kọ̀ǹpútà. Ìwàlẹ́wà ya yàrá ńlá síwájú fún alága ìgbìmọ̀ ìlú, tòun ti àga rẹ̀. Ó sì ya ilé ìdáná sẹ́yìn fún àwọn ìyá alásè, tí wọ́n ti ń dáná ayẹyẹ ìlú nínú òjò láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn obìnrin yìí kan náà ló ru iyanrìn tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọ!

Ni alága fúnra rẹ̀, Olóyè Fágbohùn, bá dé láti wo àwòrán.

"Kí lèyí lẹ́yìn?"

"Ilé ìdáná ni, sà."

"Yọ ọ́. Ibẹ̀ ni mọ́tò mi yóò máa sùn."

Bí wọ́n ṣe ń yọ nǹkan nínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà náà rèé: wàá ya àpótí kan, wàá tì í wọ inú ilé, wàá sì ní kí ẹ̀rọ gbẹ́ gbogbo ibi tí àpótí náà bá dé lára ilé dànù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lu ihò ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé. Ṣùgbọ́n nítorí iná tó ń lọ ṣáá, Ọ̀gá Lámídì kì í jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn a di gbogbo àpótí pọ̀ bí ìdì igi, wọn a gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn a sì fi pamọ́ kíá.

"Báwo ni kí àpótí yìí ṣe jìn tó, sà?"

"Ogún."

"Ogún ẹsẹ̀ bàtà? Nítorí mítà ni ẹ̀rọ yìí ń—"

"Èmi ni wàá máa kọ́ ní ìwọ̀n? Mo ní ogún! Kó jìn! N kò fẹ́ kí òórùn ọbẹ̀ pàápàá ṣẹ́kù níbẹ̀."

Ìwàlẹ́wà wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wo gílóòbù tó ń ṣẹ́jú. "Tẹ ohun tí wọ́n wí, jàre. Iná fẹ́ lọ."

Ó tẹ ogún; mítà ni ẹ̀rọ kà á sí. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n fi pamọ́, iná lọ. Kò sẹ́ni tó wo ohun tó kù.

Ní Sátidé, ìlú pé sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n tan àwòrán náà sójú aṣọ funfun. Yéè! Ihò gbàgàdà kan ti wọlé láti ẹ̀yìn, ó gbé ilé ìdáná, ó la àárín gbọ̀ngàn kọjá, ó sì gbé yàrá alága lọ ráúráú! Àga Olóyè nìkan ló kù, ó dá dúró lójú òfúrufú bí àwòdì.

Ìyá Àṣàbí, olórí àwọn alásè, dìde. "Olóyè, ibo lẹ ó gbà gun àga yín?"

"Lámídì! Tú u! Tú gbogbo rẹ̀!"

Lámídì sáré sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tú ìdì àpótí náà pátá. Háà! Ilẹ̀kùn dí, fèrèsé dí, gbogbo gbọ̀ngàn dì gbagidi bí ẹ̀kọ tútù.

"Ẹ gbà wá o!" obìnrin kan ké. "Ta ni wọ́n sé mọ́nú ẹ̀?"

Ìwàlẹ́wà gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó dá ilẹ̀kùn àti fèrèsé padà, ó wá ya àpótí kan yẹn sọ́tọ̀. "Ẹ̀yin ará, èyí ló gbé ilé ìdáná, òun náà ló gbé yàrá alága. Kí n tì í padà, àbí kí n jù ú nù?"

"Jù ú nù!"

Olóyè sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí. "Ọmọ mi, ṣé o ò lè gé e kúrú díẹ̀? Kó mọ sí ilé ìdáná."

Ó ti gbàgbé pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó fi ń pàṣẹ fún Lámídì ṣì wà lọ́wọ́ òun. Gbogbo ìlú ló gbọ́! Àwọn ìyá alásè na orógùn sókè, Ìwàlẹ́wà sì ju àpótí náà nù. Ilé ìdáná padà sí àyè rẹ̀, tòun ti fèrèsé.

Ẹ rò pé Olóyè ronú pìwà dà? Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sìn ín lọ sílé, ó bi í pé, "Fágbohùn, kí lo wá rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Olóyè mí kanlẹ̀, ó mi orí. "Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí yóò bá gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn."