Ìdí Tí Ọba Fi Dọ̀bálẹ̀ fún Ewúrẹ́

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà Òkè-Àgbọn fi ń pa á lówe pé ẹni tí kò ka ìwé ìlànà yóò mú ọba dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí yìí, bí ẹ bá ra fáànù tuntun, páálí ẹ̀ lẹ kọ́kọ́ ń fà ya, ìwé inú ẹ̀ lẹ sì fi ń di ẹ̀pà fọ́mọ. Ẹ fetí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ.

Ṣijúadé, ọmọ Olóyè Ọ̀dọ̀fin, fẹ́ fẹ́ Fọlárìn. Fọlárìn rẹwà, ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, àmọ́ olórí kunkun ni. Ọ̀dọ̀fin ní òun ò lè fi ọmọ òun fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣijúadé bẹ̀ ẹ́ títí, ni bàbá bá sọ pé, "Ó dáa. Kó ṣe ohun kan tí inú Kábíyèsí máa dùn sí. Ọjọ́ yẹn ni n óò gbà á lánà."

Fọlárìn ní kékeré nìyẹn. Ó ní òun á ṣe géèmù tí àwọn ọmọ á fi máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà: ọ̀dọ́kùnrin kan á máa rìn nínú ìlú, á máa dọ̀bálẹ̀ fáwọn àgbà, títí á fi dé ààfin. Ó wá ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìwé ìlànà bá a wá. Ṣijúadé tẹ ìwé náà jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Kà á."

"Ta ló ń kàwé kó tó ṣeré?" Fọlárìn fi ìwé náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sókè kí ọrùn má baà dùn ún.

Ọ̀dọ́kùnrin inú géèmù gbé ẹsẹ̀ kan, ó rì wọ inú ilẹ̀ lọ. Fọlárìn ò sọ fún ohun èlò náà pé ilẹ̀ le. Ẹ ní ta ló máa ń sọ fún ilẹ̀ pé kó le? Ìwé ìlànà sọ ọ́, ojú ewé àkọ́kọ́ ló sì wà.

"Fọlárìn, ka ìwé yìí."

"Mo ti rí ọgbọ́n ẹ̀ dá."

Ọgbọ́n tó dá ni pé ó gba ìwúwo lára gbogbo ènìyàn inú géèmù náà. Wọn ò rì mọ́ lóòótọ́, ńṣe ni wọ́n ń léfòó lókè òrùlé. Ó wá fi okùn tí ojú ò rí so wọ́n mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú Ṣijúadé débi pé kò lè jẹun.

Kò mọ síbẹ̀. Fọlárìn mọ ère ènìyàn kan ṣoṣo sínú géèmù náà, ó pè é ní ìyá, ó sì ń bí gbogbo ará ìlú látara rẹ̀: ó dé ọ̀kan ní fìlà, ó di ìjòyè, ó dé ọ̀kan ládé, ó di ọba. Ewúrẹ́ nìkan ló rí gbà láti ibòmíràn. Nígbà tó fẹ́ kọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà ní ìdọ̀bálẹ̀, ìyá ló kọ́: ohunkóhun tó bá dúró níwájú rẹ, dọ̀bálẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ ìwé ìlànà ti kọ ọ́ gàdàgbà pé ohun tí o bá kọ́ ìyá, gbogbo ọmọ ló ti mọ̀ ọ́n. Ibo nìwé ọ̀hún wà? Abẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ṣijúadé bi í bóyá ó ti dán an wò dé ààfin. Ó ní bí ìbẹ̀rẹ̀ bá ti dáa, ìparí dáa nìyẹn.

Ọjọ́ tí Fọlárìn máa fi géèmù náà han Kábíyèsí pé, ààfin kún. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, àwòrán ń hàn lórí rẹ̀. Ọ̀dọ̀fin jókòó ti Kábíyèsí. Ṣijúadé wà láàárín àwọn obìnrin, ó ń gbàdúrà sínú. Ọ̀dọ́kùnrin inú géèmù dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kan. Àwọn ìjòyè pàtẹ́wọ́. Àgbà náà dọ̀bálẹ̀ padà fún un. Àtẹ́wọ́ dín kù. Ọba inú géèmù wá jáde, adé ń dán lórí rẹ̀, ni ewúrẹ́ kan bá ń jẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀.

Ọba dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ewúrẹ́ nìkan ló dúró, torí òun kì í ṣe ọmọ ìyá wọn.

"Kábíyèsí, ẹ má bínú, ó kù díẹ̀!" Fọlárìn ń tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tó ń pa èèrà. Ó fẹ́ lé ewúrẹ́ náà lọ. Dípò kó lé e, àṣẹ tó pa ni pé kí ewúrẹ́ tuntun máa wọlé nígbàkígbà tójú bá ṣẹ́. Ewúrẹ́ di méjì, ó di agbo, ó kún gbogbo àgbàlá. Ọba dìde, ó dọ̀bálẹ̀. Ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀. Àwọn ìjòyè inú géèmù náà ò gbẹ́yìn. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà ò lè gbé e mọ́, ó dákú, àwòrán sì dúró gbọn-in sójú kan: ọba lórí ògiri, àyà nílẹ̀, ìdí lókè, agbo ewúrẹ́ níwájú.

Ọ̀dọ̀fin ṣí fìlà, ó fi bojú. Ó wu Ṣijúadé kí ilẹ̀ gbé e mì.

Kábíyèsí wo ògiri títí. "Ọmọ yìí, kí ni ewúrẹ́ yìí ṣe fún mi tí mo fi ń dúpẹ́ tó báyìí?"

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Ẹ̀rọ ló..."

"Ẹ̀rọ náà ò níwèé ni?"

Ṣijúadé ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ó níwèé, Kábíyèsí! Òun ló wà lábẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo sunkún. Kò ṣí i!"

Kábíyèsí ní kí Fọlárìn máa wá sí ààfin láràárọ̀, kó máa ka ìwé náà sókè, kó máa fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn ìjòyè. Ọ̀dọ̀fin ní ọjọ́ tó bá ka ojú ewé tó gbẹ̀yìn lòun máa gbà á lánà, kò ní ṣíwájú ọjọ́ yẹn.

Ẹ bá mi wo ìyà tó ń jẹ Ṣijúadé! Àràárọ̀ ló ń tẹ̀ lé e lọ, ó ń jókòó tì í, ó ń fi ìka tọ́ka sí ìlà fún un. Àwọn ìjòyè ń tòògbé, Ọ̀dọ̀fin ń hanrun. Lọ́jọ́ kan báyìí, tó kù díẹ̀ kí ìwé náà tán, Fọlárìn wọ̀tún, ó wòsì, ó rọra ṣí ewé méjì pọ̀. Ó ní, "Apá ibí yìí ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì..."

Gbogbo ààfin ta jí, wọ́n figbe ta. Kábíyèsí ní kó padà sí ojú ewé àkọ́kọ́.

Aṣọ ìyàwó ṣì wà nínú àpótí títí dòní. Bí ẹnikẹ́ni bá pàdé Ṣijúadé lọ́nà, tó bi í pé ìgbà wo la máa wá jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó, kì í dá onítọ̀hún lóhùn tààrà. Á kàn mí kanlẹ̀, á ní, "Ẹni tí kò ka ìwé ìlànà yóò mú ọba dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́."