Ọjọ́ Tí Mo Fẹsẹ̀ Tẹ Dùùrù Níbi Ìsìnkú Ìyá Máníjà

Mo ti gbàgbé ọjọ́ tó pọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n Fúráídè kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọ́n á fi sin èmi náà. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìlúpéjú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Agége. Nígbà tí ìyá máníjà wa kú, máníjà fúnra wọn ló pè mí pé kí n wá tẹ kíbọ́ọ̀dù níbi ìsìn ìdágbére.

"Jẹ́jẹ́ ni o," wọ́n ní. "Màmá ò fẹ́ràn ariwo."

Orúkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé ga lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù yẹn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì fẹ́ lọ́wọ́ mi ni pé kí n rọra tẹ orin.

Àmọ́ ọlọ́gbọ́n ni mí. Mo ti rí àwọn kan lórí fóònù tí wọ́n ń fẹsẹ̀ darí orin. Ni mo bá gba Computer Village lọ, mo ra fúùtù kọntirólà: pátákó onírin gbọọrọ tó ní bọ́tìnnì mẹ́wàá. Waya ni mo fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, èyí tí mo so kíbọ́ọ̀dù mọ́. Tí mo bá fẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì kan, kọ̀ǹpútà á sọ ohùn kíbọ́ọ̀dù di fèrè. Òmíràn á sọ ọ́ di gòjé. Òmíràn á máa lu ìlù fúnra rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹsẹ̀ yín ló máa ṣiṣẹ́," ni ẹni tó tà á fún mi wí. "Ọwọ́ yín á kàn máa gbafẹ́ ni."

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi dán an wò nílé, láìwọ bàtà. Ó ń ṣiṣẹ́ bí idán.

Lọ́jọ́ ìsìn, mo wọ bàtà tuntun tí mo rà ní Allen, tí ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ gùn ju ọgbọ́n orí mi lọ. Orin àkọ́kọ́ lọ geere. Àwọn èèyàn ń nu ojú, èmi sì ń rò pé ẹ̀bùn mi ló ń pa wọ́n lẹ́kún, bí ẹni pé kò sí òkú nílẹ̀. Pásítọ̀ ní ká dijú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo na ẹsẹ̀ láti pe gòjé, kó lè máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ àdúrà. Bàtà mi tẹ bọ́tìnnì méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbì-gbà! Gbì-gbà! Ìlù ijó tí mo fi ń ṣeré nílé ló bú jáde.

Mo tún un tẹ̀ kó lè dákẹ́. Ó yára sí i. Mo tẹ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fèrè kún un. Àwọn ìyá àgbà méjì tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ olóògbé rò pé àsìkò ijó ti tó. Wọ́n dìde, wọ́n ń jó lọ síwájú pósí. Máníjà yíjú sí mi. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kẹ́ ẹ rí irú ojú bẹ́ẹ̀.

Sísítà Bọ́lá, tó ń darí àwọn akọrin, fún eyín pọ̀, ó ní: "Fa waya yọ!"

Mo fà á. Ti makirofóònù pásítọ̀ ni. Ẹnu wọn ń mì, a ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wá fa ti pátákó náà yọ, ìlù ò dúró. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé pátákó kàn ń rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà ló ń lùlù, ó sì ń jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán an tọkàntọkàn. Òṣìṣẹ́ tó dáa jù mí lọ ni. Sísítà Bọ́lá ló wá pa á dé gbàù.

Pásítọ̀ gbé ohùn sókè: "Ṣé ká máa bá àdúrà lọ, àbí arákùnrin wa ṣì ní nǹkan láti sọ?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, máníjà pè mí sí ọ́fíìsì. Mo kó ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu.

"Àwọn àbúrò màmá ní ẹ̀rín táwọn rín lọ́jọ́ yẹn ló jẹ́ kí oúnjẹ lè gba ọ̀fun àwọn kọjá," wọ́n ní. "Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kó o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́."

Èmi tójú ò tì, mo ní, "Ìgbéga yẹn ńkọ́, sà?"

"A ti fún ẹlòmíràn. Máa lọ."

Mo ti wá kọ́gbọ́n: bí wọ́n bá bẹ̀ ọ́ ní iṣẹ́ kékeré, ṣe kékeré náà; ibi òkú ẹlòmíràn kọ́ lèèyàn ti ń dán nǹkan tuntun wò. Tí mo bá rántí àwọn ìyá àgbà méjì yẹn níwájú pósí, mo máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ò kúrò lójú kan.