Ìwé Ìfẹ́ Tí Sànmí Kà fún Màmá Doyin

Ojú ewé kẹta ni ọkùnrin inú ìwé náà ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Sànmí ò kà á sókè mọ́. Ó yọjú wo ojú ewé kẹrin. Ọ̀rọ̀ ti kọjá ṣẹ́ẹ̀tì níbẹ̀.

"Kí ló dé?" Màmá Doyin béèrè láti orí àga wọn. "Ṣé ọmọkùnrin náà ti dé ilé ọmọbìnrin ọ̀hún?"

"Ó ti dé, Màmá."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe?"

Sànmí fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ewé náà.

"Wọ́n ń gbàdúrà, Màmá."

"Ẹ ṣé, Jésù. Máa kà á lọ."

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni Sànmí ń ṣe, ní Queens Village, New York. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Màmá Doyin ni, dókítà sì ní wọn kò gbọdọ̀ fojú kan ìwé fún oṣù kan gbáko. Àsìkò yẹn gan-an ni Ẹgbẹ́ Ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá yàn wọ́n pé kí wọ́n dìde ní gbọ̀ngàn, kí wọ́n dárúkọ ìwé mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tí wọ́n sì gbádùn: ọ̀kan ti ìfẹ́, ọ̀kan ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọ̀kan ti ayé àtijọ́. Màmá Olúwọlé ló ṣe é lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi ní Queens.

Doyin fi ìwé mẹ́ta ránṣẹ́ láti Texas. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Màmá ní Yorùbá ni kí Sànmí fi ka ìwé fún àwọn, pé òyìnbó tí àwọn ń gbọ́ lẹ́nu dókítà ti tó àwọn.

Ẹ sì jẹ́ ká sọ òótọ́, Màmá Doyin kì í gba gbẹ̀rẹ́. Olùtọ́jú mẹ́ta ni wọ́n ti lé kí Sànmí tó dé. Èyí tó gbẹ̀yìn, torí pé ó ń jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù níwájú wọn ni. Sànmí fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ilé móoru, kò jìnnà sílé rẹ̀, Màmá sì máa ń ní kó jẹun. Ṣé ó wá yẹ kó jókòó síwájú ìyá bẹ́ẹ̀, kó máa ròyìn ohun tí obìnrin kan ń fi èékánná ṣe sẹ́yìn ọkùnrin?

Ó ya bébà kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, tí àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ẹ̀, ó fi bo iwájú ìwé náà, níbi tí ọkùnrin kan ti na àyà sílẹ̀ gbàlàjà. Ó wá ń kàwé lọ. Ìfẹnukonu di àdúrà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ gbóná sí i, ó di ìṣọ́ òru.

"Àwọn ọmọ yìí mà ń gbàdúrà o," ni Màmá wí. "Ìgbà wo ni wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́?"

"Wọ́n ti gbàyè níbi iṣẹ́, Màmá. Ààwẹ̀ ni."

Ó kan ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ojú ewé àkọ́kọ́: òkú. Òkú bàbá kan nà gbọọrọ nílẹ̀, ọ̀bẹ dúró ṣanṣan lẹ́yìn rẹ̀.

Ta ni yóò pe òkú ní àárọ̀ kùtù, níwájú àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì oníṣẹ́ abẹ?

"Bàbá yìí rìnrìn àjò, Màmá. Ó lọ sí Kánádà."

Ní orí kejì, wọ́n pa ìyàwó rẹ̀.

"Òun náà ti lọ bá ọkọ ẹ̀."

Wọ́n pa alásè. Wọ́n pa dírẹ́bà. Nígbà tí ìwé fi máa dé àárín, ilé náà ti ṣófo, Kánádà ti kún.

"Kí wá ni ọlọ́pàá ń wá kiri?" Màmá béèrè.

"Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn."

"Ẹni rere ni onítọ̀hún. Ṣé wọ́n rí i mú?"

"Wọ́n mú un, Màmá. Ẹ̀wọ̀n gbére."

"Torí tíkẹ́ẹ̀tì?"

"Amẹ́ríkà nìyí, Màmá."

Màmá mi orí, wọ́n ní kó ṣí èyí tó kàn.

Èyí tó kàn ni ti ayé àtijọ́. Ọba òyìnbó kan jókòó, jagunjagun kan wọlé, ó dúró ṣánṣán, ó ń pe ọba ní "ìwọ". Sànmí ò lè fẹnu ara rẹ̀ ka irú ìyẹn. Ó ní kó dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí gbogbo ọmọ ogun dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n fi máa kí ọba tiwọn tán, tí wọ́n tún lọ kí ọba ọ̀tá, ilẹ̀ ti ṣú. Ogun ò lè jà mọ́. Wọ́n lọ sùn.

"Ayé àtijọ́ dára," ni Màmá wí.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Màmá Doyin dìde ní gbọ̀ngàn, wọ́n yin ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni ń yin ọmọ bíbí inú ẹni.

"Ti ìfẹ́ yẹn, ẹ rà á fún àwọn ọmọ yín tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Mi ò tíì rí tọkọtaya tó gbàdúrà tó bẹ́ẹ̀."

Àwọn ìyá yọ fóònù. Gbogbo wọn ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú ẹsẹ̀.

Sànmí, tó gbé báàgì Màmá dání lẹ́yìn, ń làágùn nínú òtútù. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bẹ Ọlọ́run kí ẹrù náà má dé. New York tí wọ́n ti ń jí ẹrù lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, kò sí olè kan ṣoṣo tó ràn án lọ́wọ́.

Ìpàdé tó tẹ̀lé e, oṣù kan tí dókítà dá ti pé, Màmá Olúwọlé dìde. Ìka méjì ni wọ́n fi di ìwé ìfẹ́ náà mú, bí ẹni gbé pámpásì tí ọmọ ti lò.

"Màmá Doyin, irú ìwé wo lẹ ní ká rà yìí? Kí ni wọ́n ṣe ní ojú ewé kẹrin?"

"Wọ́n gbàdúrà."

"Àdúrà kọ́. Èmi náà bímọ mẹ́fà, mo mọ ohun tí mo kà. Ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ńkọ́? Odidi agbo ilé ni wọ́n pa tán síbẹ̀."

"Wọ́n wà ní Kánádà."

"Wọ́n sin wọ́n, Màmá Doyin."

Gbogbo gbọ̀ngàn kọjú sí Màmá Doyin.

Màmá Doyin yí ọrùn padà, díẹ̀díẹ̀.

"Sànmí."

"Mà."

"Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ yìí wà nínú ìwé tí o kà fún mi?"

Sànmí di báàgì Màmá mú gírígírí. Ó ti ń rí ara rẹ̀ níbi iṣẹ́ tuntun ní Soundview tó jìnnà réré, tó ń gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà karùn-ún.

Màmá ò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ Màmá Olúwọlé. Wọ́n fọwọ́ ra bébà rẹ̀. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n yí i padà, wọ́n rí ọkùnrin tó na àyà sílẹ̀.

"Ayédèrú ni," ni wọ́n wí.

"Kí ni?"

"Ayédèrú lẹ rà. Ẹ wo ìhòòhò níwájú ẹ̀. Èyí tí Doyin rà fún mi, àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lára ẹ̀. Ojúlówó nìyẹn. Ẹ̀yin lọ ra olówó pọ́ọ́kú."

Àwọn ìyá wo ìwé ọwọ́ wọn.

"Mo ti ń fura," ni ọ̀kan wí. "Èmi ò tiẹ̀ kà á kọjá ojú ewé kejì."

"Èmi náà, ojú ewé kejì."

"Ojú ewé kìíní lèmi ti pa á dé."

Màmá Doyin kọjú sí alátakò wọn. "Màmá Olúwọlé, ibo lẹ̀yin kà á dé?"

Màmá Olúwọlé tún gèlè ṣe. "Mo kàn ṣí i wò ni."

"Ẹni tó kàn ṣí i wò ló mọ ohun tó kà."

Màmá Olúwọlé jókòó.

Màmá Doyin ní kí wọ́n kó gbogbo ayédèrú náà sínú páálí kan lẹ́nu ọ̀nà, kí Sànmí gbé e lọ dànù. Ìpàdé túká. Sànmí lọ wa ọkọ̀ wá síwájú, ó sì padà wá gbé páálí.

Páálí fúyẹ́.

Ó ṣí i. Ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pé. Ti ayé àtijọ́ pé, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ tíì jáde nínú ọ̀rá. Ti ìfẹ́, ẹyọ kan ò sí ńbẹ̀.

Ó gbójú sókè. Àwọn ìyá ń rìn lọ síbi ọkọ̀ wọn, kíá kíá, kálukú há báàgì mọ́ abíyá. Màmá Olúwọlé ló ṣíwájú, eékún tí kì í jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn ti san.

Ẹ̀rín fẹ́ pa Sànmí, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó wọnú ọkọ̀.

"Màmá, ṣé kí n ṣì wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè?"

"Wá. Ṣùgbọ́n má tètè dé."

Ó wo dígí. Màmá Doyin wà lẹ́yìn, awò ojú lórí imú. Ìwé kan ṣí lórí itan wọn. Kò sí àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì kankan lára rẹ̀.

"Màmá, ṣé kì í ṣe ayédèrú nìyẹn?"

"Òun náà ni. Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti bà á jẹ́."

Iná pupa dá wọn dúró ní ìkóríta.

"Ṣé kí n bá yín kà á, Màmá?"

"Kọjú síwájú, Sànmí. Àwọn ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ tilẹ̀kùn ni."