Ẹgbọrọ Ẹṣin Mẹ́fà Tí Wọ́n Gbọ́ràn Jù

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ ti bi ara yín léèrè rí, ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré? Ẹ lè rò pé ọlọ́gbọ́n kan ló jókòó sábẹ́ igi, tó fọwọ́ lẹ́rán, tó ronú rẹ̀ jáde. Rárá o. Ìlú Àtẹ̀rè ló ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọláníhùn ló sì fà á, láìmọ̀.

Ọláníhùn ni olórí ọgbà ẹṣin Alátẹ̀rè, ọba ìlú náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ẹgbọrọ ẹṣin ọba bí wọ́n ṣe ń fo igi. Wọn a dá igi méje bùú sójú pápá. Èyí tó kéré jù kò ju orúnkún lọ, èyí tó ga jù a kan ènìyàn láyà. Ẹṣin a máa fò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti ẹlẹ́ṣin lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Ọláníhùn ṣe iṣẹ́ yìí kó tó kú, bàbá bàbá rẹ̀ náà ṣe é. Ọláníhùn mọ ẹṣin tọ́jú, kò sírọ́ níbẹ̀. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ọgbà, ọmọdé ló máa ń dá lẹ́bi.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, Ológùsì, ọba ìlú kejì, wá kí Alátẹ̀rè. Wọ́n jẹun tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu. Ológùsì ní ẹṣin Àtẹ̀rè kò lè fo ìkòkò ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Alátẹ̀rè wọra. Ó ní kí Ológùsì padà wá nígbà ọyẹ́, kó wá wo bí ẹgbọrọ ẹṣin mẹ́fà yóò ṣe fo igi méjèèje láìku ẹyọ kan. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pe Ọláníhùn.

"O gbọ́ ohun tí mo sọ lánàá?"

"Mo gbọ́, Kábíyèsí."

"Bí wọn ò bá fò ó, kó o yáa máa wá oko tí wàá ro. O ò ní wọ ọgbà ẹṣin mi mọ́."

Ọláníhùn dọ̀bálẹ̀, ó ní wọ́n á fò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó ro ẹjọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Àwọn ẹgbọrọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí wọ́n bá rí igi nílẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń yà fún un bí ẹni tó rí ejò.

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ló dá a lábàá. "Bàbá Àìná, ẹ wá àgbà ẹṣin kan tí yóò máa ṣíwájú wọn. Ọmọdé kì í dédé mọ ohun tí kò rí rí."

Bí Dúróṣinṣin ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Abo ẹṣin ni, ó ti dàgbà, ikùn rẹ̀ ti tóbi, gọ̀gọ̀ rẹ̀ sì ti ń funfun, ṣùgbọ́n bó bá fo igi, ẹ ó rò pé ẹyẹ ni. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ nígbà tí Ọláníhùn kọ́kọ́ gùn ún síwájú àwọn ẹgbọrọ. Dúróṣinṣin dé iwájú igi kìíní, ó dúró, ó yí ọrùn sápá òsì, ó wò fún ìgbà díẹ̀, ó sì fò. Ẹgbọrọ tó tẹ̀ lé e dé ibẹ̀, ó dúró, ó yí ọrùn sápá òsì, ó wò fún ìgbà díẹ̀, òun náà fò. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sì sí nǹkan kan lápá òsì.

Inú Ọláníhùn dùn pé wọ́n fò, síbẹ̀ ó bá àwọn ẹgbọrọ wí. "Kí lẹ̀ ń wò lọ́hùn-ún? Ọmọ ìsinsìnyí ò lè fọkàn sí nǹkan kan." Ó wá fọwọ́ pa Dúróṣinṣin lọ́rùn, ó bu eèrí fún un.

Òjò wá pọ̀, pápá di ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Dúróṣinṣin fo igi keje tán, ó rí àbàtà kan tó tutù dáadáa. Ó rọra kúnlẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbiri. Ọláníhùn yára bọ́ sílẹ̀. Kó tó wẹ̀yìn, ẹṣin mẹ́fà ti tò sínú ẹrẹ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀, àwọn tó gùn wọ́n sì dúró létí àbàtà, ojú nìkan ló hàn lára wọn. Ọláníhùn na ẹgbọrọ kọ̀ọ̀kan lẹ́gba kan. Ní ti Dúróṣinṣin, ó ní oòrùn ló mú un.

"Oòrùn wo?" Àwẹ̀ró béèrè. "Òjò ń rọ̀."

"Àgbà ni, Ìyá Àìná. Ara ló ń ro ó."

Nígbà tí òjò dá, ọkà bàbà yọrí nínú oko Àwẹ̀ró, tó wà lẹ́yìn odi ọgbà. Dúróṣinṣin fo igi keje, kò dúró, ó fo odi náà mọ́ ọn, ó bọ́ sáàárín ọkà, ó ń jẹ. Mẹ́fà bá a níbẹ̀. Wọn ò jà rárá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú poro tirẹ̀. Àwẹ̀ró fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wò wọ́n.

"Bàbá Àìná, ẹ bá ìyá àgbà yẹn sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò mọ èwo ni ẹ̀kọ́, èwo ni ìwàkiwà."

"Mo ti ń kọ́ ẹṣin kí n tó fẹ́ ọ."

"Mo ti gbọ́," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì lọ kórè ìwọ̀nba tó kù.

Ọyẹ́ dé, ọjọ́ pé. Gbogbo Àtẹ̀rè tú jáde sí pápá. Alátẹ̀rè jókòó sápá òsì, wọ́n sì kọ́ àtíbàbà fún Ológùsì ní òpin pápá, kó lè rí igi keje dáadáa. Nítorí pé àlejò pàtàkì ni, pòròpórò ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, tòun torí ọkà, ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀. Nítorí pé eruku ọyẹ́ pọ̀, àwọn obìnrin ààfin da omi rẹpẹtẹ síwájú rẹ̀. Ọláníhùn kò fojú sí ìkankan nínú èyí. Agbádá tuntun tó dá fún ọjọ́ náà ló ń tún ṣe léjìká.

Ó gun Dúróṣinṣin síwájú, mẹ́fà tò tẹ̀ lé e. Wọ́n dé igi kìíní. Dúróṣinṣin dúró, ó wo apá òsì. Mẹ́fà wo apá òsì. Alátẹ̀rè rò pé òun ni wọ́n ń kí, ó gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè, ariwo ayọ̀ sì ta. Ológùsì pàápàá mi orí. "Ẹṣin tó mọ ọba," ló wí. Àyà Ọláníhùn wú. Wọ́n fo èkejì, wọ́n fo ẹ̀kẹta, títí dé ẹ̀kẹfà, igi kan kò yẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọláníhùn ti rí ilẹ̀ tútù lẹ́yìn igi keje.

Ó tẹ̀ba síwájú lórí ẹṣin, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí Dúróṣinṣin létí pé, "Jọ̀ọ́, kì í ṣe òní."

Dúróṣinṣin fo igi keje bí ẹyẹ, ó sì kúnlẹ̀. Ọláníhùn fẹ́ bọ́ sílẹ̀, agbádá há mọ́ gàárì, ni ẹṣin bá yí lé e lórúnkún. Mẹ́fà fò, mẹ́fà kúnlẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin ń já bọ́ bí ẹ̀pà. Dúróṣinṣin dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ nù sára àwọn ìjòyè, ó gbójú sókè, ó rí òrùlé Ológùsì. Ẹ ò ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Ẹṣin méje ló wọ àtíbàbà kan náà, òpó yẹ̀, òrùlé sì wó bo ọba lórí.

Alátẹ̀rè dìde. "Ọláníhùn, kí lo kọ́ àwọn ẹṣin yìí?"

Inú ẹrẹ̀ ni Ọláníhùn ti dáhùn. "Kábíyèsí, ọmọ ìsinsìnyí ni wọ́n. Wọn kì í gbọ́ràn."

Pòròpórò mì. Ológùsì yọ orí jáde, adé rẹ̀ ti wọ́ sétí kan, ẹgbọrọ ẹṣin kan sì ń jẹ ọkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí kejì.

"Wọn kì í gbọ́ràn kẹ̀?" ló wí. "Èmi ò rí ọmọ tó gbọ́ràn tó báyìí rí. Èyí tó wà níwájú wò, wọ́n wò. Ó fò, wọ́n fò. Ó yí nínú ẹrẹ̀, wọ́n bá a yí. Ó jẹ ilé mi, wọ́n bá a jẹ ẹ́. Ọ̀rẹ́, ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré."

Alátẹ̀rè gbìyànjú láti mú ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Bó ṣe bú sẹ́rìn-ín ni Ológùsì náà bú sẹ́rìn-ín, ìlú sì gbà á. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, Ológùsì gbà pé ẹṣin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fo igi méjèèje lóòótọ́. Bí Ọláníhùn kò ṣe pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọba ní kí Dúróṣinṣin lọ sinmi. "Kò sí àgbà ẹṣin mìíràn," ló wí. "Ìwọ fúnra rẹ ni kó o máa ṣíwájú wọn."

Òjò àkọ́rọ̀ tún dé, Ọláníhùn ká ṣòkòtò, ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fo àwọn igi kéékèèké, ẹṣin mẹ́fà ń tẹ̀ lé e. Ojú kọ́kọ́ tì í. Nígbà tó yá, ó rí i pé ibi tóun bá fẹsẹ̀ sí ni wọ́n ń fẹsẹ̀ sí, ó wá ń ṣọ́ ara rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ rẹ̀ wá, ó dúró létí odi, ó ń wò wọ́n.

"Bàbá Àìná," ló wí níkẹyìn, "ẹ wẹ̀yìn."

Ọláníhùn wẹ̀yìn. Orúnkún tí ẹṣin yí lé kò tíì san, ó ṣì ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ẹṣin mẹ́fà tí ara wọn le koko, tí ohunkóhun kò ṣe wọ́n, tò sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ló ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

Ó jókòó sórí igi. "Bá mi wá òrí kí n fi pa orúnkún yìí," ló wí, "kí ẹṣin ọba tó yarọ."

Ìdí rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi, tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Àwọn ará Àtẹ̀rè a tún máa fi kún un pé, òun náà ló ń wò tiro.